Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí á ti tẹjú mọ́ ara ògiri pẹ́. Alángbá tó yó, èyí tí ebi ń pa, èyí tó ń yá oòrùn lásán àti èyí tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ wọn kò fi nǹkan kan hàn wá. Ọ̀rọ̀ ènìyàn la sábà máa ń fi òwe náà sọ, kí a má baà rò pé ẹni tó dákẹ́ kò ní ohun tó ń dùn ún. Mo rí i pé ó bá ọ̀rọ̀ sáfà náà mu, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọ́fíìsì ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí a tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tí kò jí.

Ẹ jẹ́ ká mú Bobè, ọ̀kan nínú àgbègbè mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ Bantè ní ẹkùn Collines, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kajú kan níbẹ̀ ní sáfà kan ṣoṣo, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n kajú oníkálukú sí àti owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Oṣù Kẹta ni, àsìkò kajú ti gbóná, àwọn olóko ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, sáfà kò tan. Ojú rẹ̀ dúdú. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ìdájọ́ ti pé mẹ́ta: ọ̀kan ní iná SBEE, ilé-iṣẹ́ mànàmáná, ló jó o, èkejì ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, ẹ̀kẹta ní kí wọ́n kúkú fọ́máàtì rẹ̀. Ojú dúdú kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Iná lè jó o lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé okùn iná rẹ̀ ló yọ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀.

Babaláwo kì í yan ẹbọ kó tó dá Ifá. Bí sáfà bá dákú, ìbéèrè ló ṣáájú, irinṣẹ́ ló kẹ́yìn. Ta ló lò ó kẹ́yìn? Ṣé iná lọ tó sì dé lójijì lóru? Ṣé ẹnìkan fi nǹkan tuntun sí i lánàá? Lẹ́yìn èyí la ó wá fi ojú àti etí ṣiṣẹ́, torí pé ìpele ìpele ni kọ̀ǹpútà ń jí. Iná a kọ́kọ́ wọlé, pátákó inú rẹ̀ a yẹ ara rẹ̀ wò, a yẹ ráàmù tó fi ń rántí nǹkan wò, lẹ́yìn náà ni yóò tó wá dísìkì tí ètò ìṣiṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ibi tó bá ti dúró lójú ọ̀nà yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn.

Bí kò bá sí iná kankan lára rẹ̀, tí fáànù kò sì yí, ọ̀rọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ dísìkì rárá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹ fi gílóòbù tàbí ṣájà fóònù dán ihò iná wò. Ẹ pààrọ̀ okùn. Ẹ wo onduleur, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná fún un, bóyá bátìrì inú rẹ̀ ló ti kú. Níbi tí agbára iná bá ti ń lọ sókè sódò, ẹ̀yà sáfà tó ń gba iná wọlé wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ó sì ṣeé pààrọ̀ láìfọwọ́ kan àkọsílẹ̀ kankan.

Bí fáànù bá ń yí tí ojú sì dúdú, ẹ fetí sílẹ̀. Láti ìgbà IBM PC, tó jáde ní ọdún 1981, ìró kúkúrú kan ṣoṣo ti sábà máa ń sọ pé àyẹ̀wò yege. Bí ìró bá pọ̀ tàbí tó gùn, ó ń tọ́ka sí àbùkù kan. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe ń ró, nítorí náà ìwé pẹlẹbẹ tó bá ẹ̀rọ yẹn wá ni kí ẹ wò. Àwọn sáfà mìíràn ń fi iná aláwọ̀ ọsàn sọ tiwọn. Alángbá tó lè fi ibi tó ń dùn ún hàn wá nìyí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí nígbà tí kò bá rí ẹni gbọ́ ọ.

Ráàmù ni mo máa ń fura sí jù níbí yìí, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, nígbà tí eruku ti wọ gbogbo ihò. Ẹ yọ okùn iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tán, ẹ fọwọ́ kan irin kí iná ara yín má baà ba nǹkan jẹ́. Kí ẹ yọ àwọn ráàmù, kí ẹ nu ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ sì dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò yíká bí ẹ ti ṣí i, torí èèrà àti ọmọńlé máa ń wọ inú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, àfòpiná ni wọ́n bá nínú kọ̀ǹpútà Mark II ní yunifásítì Harvard, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn. Bátìrì pẹlẹbẹ kan tún wà lórí pátákó, CR2032 ni wọ́n sábà ń lò. Bó bá kú, ẹ̀rọ lè gbàgbé ọjọ́ òní, kó tún gbàgbé dísìkì tó yẹ kó ti jí. Yóò ní òun kò rí ètò ìṣiṣẹ́ kankan, àwọn ènìyàn yóò sì pariwo pé dísìkì ti kú.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀ tí sáfà sì tan, ẹ kò tíì mọ èyí tí inú ń run nínú wọn, àìsàn náà yóò sì tún padà bá yín láìmọ orúkọ rẹ̀.

Òwe yìí gbòòrò ju Bobè lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà CrowdStrike fi àtúnṣe kékeré kan ránṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ní aago Benin. Wọ́n dá a dúró kí aago méje tó lù, ṣùgbọ́n Microsoft fojú díwọ̀n rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà Windows tó ti kàn tó mílíọ̀nù 8.5. Ojú wọn di búlúù, wọ́n ń kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú. Pápákọ̀ òfúrufú dúró, ilé ìwòsàn àti báńkì náà kò gbẹ́yìn. Àwọn kan rò pé àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣe é. Ní alẹ́ tó ṣáájú, apá kan iṣẹ́ Azure ti Microsoft ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ti dákú fún ìdí mìíràn pátápátá, ọ̀pọ̀ sì da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn.

Àwọn tó fara balẹ̀ wá a rí i pé fáìlì inú àtúnṣe náà ń béèrè ohun kọkànlélógún níbi tí ètò CrowdStrike ti kó ogún péré wá. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò fọ́. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí wọ́n jí i ní ipò ààbò, kí wọ́n sì pa fáìlì náà rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló ní láti kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n sì ti fi BitLocker ti dísìkì rẹ̀ ń béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Ẹni tó bá sáré ra dísìkì tuntun lọ́jọ́ náà fi owó ṣòfò.

Ìdí nìyí tí mo fi kórìíra ọ̀rọ̀ fọ́máàtì lẹ́nu ẹni tí kò tíì wo nǹkan kan. Fọ́máàtì kò tún ráàmù ṣe, kò tún okùn iná ṣe. Àkọsílẹ̀ nìkan ló ń gbé lọ. Bí sáfà bá ní dísìkì púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ má yọ wọn kí ẹ tó kọ nọ́ńbà sára ìkọ̀ọ̀kan, ẹ má sì gbà bó bá bi yín bóyá kó bẹ̀rẹ̀ wọn lákọ̀tun. Owó lè ra sáfà mìíràn. Ìwọ̀n kajú ọdún mẹ́ta, èsì ìdánwò àwọn ọmọ, orúkọ àwọn tí a bí lábúlé, owó kò lè rà wọ́n padà.

Ẹ̀yin tí sáfà ilé ìwé, ti ìlú tàbí ti ẹgbẹ́ wà níkàáwọ́ yín ní Bobè, ní Bantè, ní Savalou, ẹ da àkọsílẹ̀ yín kọ sórí dísìkì mìíràn lónìí tó ṣì ń tan, kí ẹ sì gbé dísìkì náà sí ilé mìíràn.