Lẹ́tà Gbangba sí Mínísítà Iṣẹ́ Òde ní Kánádà: Ọ̀nà Àwọn Tó Ń Kó Ilé Lọ sí Àríwá

Sí Mínísítà Iṣẹ́ Òde, Ottawa.

Ọ̀nà Alaska bẹ̀rẹ̀ láti Dawson Creek ní British Columbia, ó la Yukon kọjá, ó sì parí sí Delta Junction ní Alaska. Gígùn rẹ̀ lónìí tó nǹkan bí 2,230 kìlómítà. Òun ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó ilé lọ sí Whitehorse tàbí Fairbanks ń gbà, tàwọn ti ọmọ, ajá àti ẹrù ilé nínú tírélà.

Ogun ló bí ọ̀nà náà. Nígbà tí Jàpáàn kọlu Pearl Harbor ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, àyà Amẹ́ríkà já nítorí Alaska, torí kò sí ọ̀nà orí ilẹ̀ kankan tó débẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 1942 ni àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í la igbó. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, wọ́n ti ṣí ọ̀nà. Wọ́n lé ní 10,000, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀wọ́ ọmọ ogun kan lára àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀wọ́ 95, ló fi igi kọ́ afárá sórí odò Sikanni Chief láàárín wákàtí 72. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọdún 1948 ni ọ̀nà náà tó di ti ará ìlú.

Àárín Fort Nelson sí Watson Lake, tó lé ní 500 kìlómítà, ni òkè pọ̀ sí jù. Ọ̀nà gun òkè dé Summit Lake, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,295, ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí adágún omi Muncho, níbi tí àpáta wà lápá kan tí omi sì wà lápá kejì. Àgùntàn òkè máa ń dúró sáàárín títì, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á máa lá iyọ̀ ilẹ̀, wọn kì í sì í tètè yà fún ọkọ̀. Lápá odò Liard, ẹfọ̀n ló ń jẹko létí títì. Ọkọ̀ tó wọ́ ẹrù kì í ṣe é dá dúró lójijì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pàápàá tí yìnyín bá bo ilẹ̀. Fóònù alágbèéká kì í ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àwọn ilé epo kan sì máa ń tì nígbà òtútù.

Níwájú, lẹ́yìn adágún Kluane ní Yukon, ilẹ̀ abẹ́ títì ti dì láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ooru bá wọlé, yìnyín inú rẹ̀ á yọ́, ilẹ̀ á rì, títì á sì máa lọ sókè sódò bí ìgbì òkun. Tírélà á fò, okùn á tú, àpótí àwo á yí lé fìríìjì. Kí awakọ̀ rọra rìn níbẹ̀ ló dára jù, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀ wo okùn ẹrù rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ìjọba Yukon ló ń tọ́jú apá tiwọn. Ṣùgbọ́n láti kìlómítà 133 títí dé kìlómítà 968, nítòsí ààlà Yukon, ẹ̀ka ìjọba tó wà lábẹ́ yín ni. Orí apá yìí ni àwọn òkè tí a mẹ́nu bà wà. Títì tó dán nìkan kò tó fún ẹni tó kó gbogbo dúkìá rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rí i pé fóònù pàjáwìrì tó ń lo sátẹ́láìtì wà ní gbogbo ibi ìsinmi láàárín Fort Nelson àti ààlà Yukon, kí pátákó tó wà níwájú ìlú kọ̀ọ̀kan sì máa sọ ilé epo tó ṣí lọ́jọ́ náà àti bó ṣe jìn tó.