Ta Ló Ní Gẹ̀ẹ́sì La Gbọ́dọ̀ Fi Yá Ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ lọ sí Costain ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò, télọ̀, ìyá olóúnjẹ, ẹni tó ń tún fóònù ṣe: ọ̀pọ̀ nínú wọn, Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà, òun ni wọ́n fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń parí ìjà. Owó ṣọ́ọ̀bù pàápàá, Yorùbá ni wọ́n fi ń dúnàádúrà rẹ̀ pẹ̀lú ejẹ́ǹtì. Ìgbà tó bá di kíkọ sílẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì á yọjú. Wọ́n á gbé àgírímẹ́ǹtì olójú-ewé mẹ́rin márùn-ún jáde, tó kún fún "whereas" àti "hereinafter". Ayálégbé á fọwọ́ sí i, tàbí kó tẹ̀ka. Ohun tó yé e nínú rẹ̀ kò ju iye owó àti ibi tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí lọ.

Tí ìjà bá wá dé, wọ́n á ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i?" Màmá fọwọ́ sí i lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ìwé náà ní òun ni yóò máa tún òrùlé ṣe, tàbí pé kò gbọdọ̀ gba ẹlòmíràn mọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Kò sí òfin kankan tó ní Gẹ̀ẹ́sì la gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Òfin Ilé Yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé àdéhùn ti wà bí onílé bá ti fún ènìyàn ní ilé nítorí owó, ìbáà jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ìwé, ìbáà jẹ́ ẹnu díẹ̀ ìwé díẹ̀. Ó kan ṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ilé gbígbé. (Ó kan Costain. Bí ẹ bá tọ Apapa Road lọ títí tẹ́ ẹ fi dé Apapa, òfin náà ti fi yín sílẹ̀ lọ́nà, nítorí ó yọ Apapa, Ikoyi, Victoria Island àti GRA Ikeja sílẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ṣe é léèrè ìdí.) Òfin kan náà ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ fún un ní rìsíìtì. Mélòó nínú àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló mọ̀?

Ohun tí kóòtù ń wá kò pọ̀: ta ló ń yá ta ni nǹkan, ibo ni, èló ni, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló máa parí, àti pé ọwọ́ ayálégbé ni ibẹ̀ wà ní tòótọ́. Ní 1988, UBA àti Tejumola & Sons dé Supreme Court lórí àdéhùn ilé yíyá, ó sì fọ́ nítorí pé ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ kò dájú. Ẹ ronú sí i. Báǹkì ńlá ni UBA. Wọn ò ṣaláìní lọ́yà, wọn ò sì ṣaláìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kò sì gba àdéhùn náà là.

Ẹ wá ka èyí:

"Èmi, Lágbájá, ni mo ni ṣọ́ọ̀bù kejì lọ́wọ́ ọ̀tún ní ilé nọ́ńbà báyìí, àdúgbò báyìí. Mo fi ṣọ́ọ̀bù náà yá Tàmẹ̀dù fún ọdún kan, láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀pẹ ọdún yìí. Owó rẹ̀ jẹ́ náírà báyìí. Mo ti gbà á, mo sì ti fún un ní rìsíìtì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Tàmẹ̀dù, n kò ní wọ ibẹ̀ láìsọ fún un. Lẹ́yìn náà, bí a bá ń bá a lọ lọ́dọọdún, ẹni tó bá fẹ́ kó parí yóò fi oṣù mẹ́fà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ìbuwọ́lùwé àwọn méjèèjì àti ti ẹlẹ́rìí ló kù. Kò kún ojú ewé kan. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe eré o: ẹni tó ń sanwó ojoojúmọ́ láti pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn kò yá ilẹ̀, wọ́n kàn gbà á láàyè ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin máa ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó fún irú nǹkan báyìí. Ọ̀rọ̀ wo? Ìran tó mọ ilẹ̀ tí a tọrẹ yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí a fi dógò, tí kò sì pe èyíkéyìí nínú méjèèjì ní ilẹ̀ títà? Àlejò tí wọ́n fún nílẹ̀ dáko ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún láti fi hàn pé òun mọ onílẹ̀. Níwájú ẹlẹ́rìí ni wọ́n ti ń fi ààlà hàn án, wọ́n á sì gbin pèrègún síbẹ̀. Onílẹ̀, àlejò, ààlà, owó, ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ ìparí nìkan ló ṣẹ́kù, torí ìṣákọ́lẹ̀ kì í sábà ní òpin. Níbẹ̀ yẹn, a gbà, ti òyìnbó ṣe kedere ju tiwa lọ.

Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ti kìlọ̀ fún ara rẹ̀. Ilẹ̀ Apapa, tí kò jìnnà sí Costain, ni ìjọba gbà ní 1913. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé London ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Privy Council dá a láre ní 1921. Viscount Haldane tó ka ìdájọ́ náà sọ pé kí adájọ́ ṣọ́ra fún fífi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, àwa la ò tíì gbọ́.

Wọ́n tún ní kóòtù kì í lo Yorùbá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Ojengbede àti Esan ní 2001, Supreme Court ní wọ́n gbọ́dọ̀ túmọ̀ ìwé tó wà ní Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì kí kóòtù tó lè lò ó. Wọ́n ní ká túmọ̀ rẹ̀ ni o, wọn ò ní ìwé náà kò wúlò. Ta ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀ bí kì í bá ṣe àwa tí gbogbo ẹbí ń bi léèrè pé, "Kí lo fẹ́ fi Yorùbá ṣe jẹun?"

Ibi tí a ó ti fi lọ́yà sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni yíyá tó bá ju ọdún mẹ́ta lọ. Ìyẹn gba ìwé olóǹtẹ̀ gidi, ọ̀rọ̀ gómìnà náà sì wà níbẹ̀ lábẹ́ Land Use Act ti 1978. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ fún ọdún 99 kó fi kọ́ ilé epo, kó lọ rí lọ́yà. Ṣọ́ọ̀bù ọdún kan, ọdún méjì là ń sọ.

Èyí tó dùn wá jù rèé. Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ní kí ẹni tó bá a kọ ìwé fi orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀, kó lè hàn pé ó kà á sí i létí, ó sì yé e. Ta wá ni aláìmọ̀wé? Nínú ẹjọ́ SCOA Zaria àti Okon ní 1959, wọ́n ní ẹni tí kò lè ka èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà ní àkàyé ni. Ìyẹn ni pé màmá tó ń ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, tó ń ka Aláròyé tán láti iwájú dé ẹ̀yìn, di aláìmọ̀wé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Gẹ̀ẹ́sì ka iwájú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún mọ̀wé padà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti di lọ́yà, ẹ bá wa yẹ àgírímẹ́ǹtì Lágbájá àti Tàmẹ̀dù wò, kẹ́ ẹ sọ ibi tó ti jò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ mọ́tò ní Costain, ẹ bi télọ̀ yín pé níbo ni tiẹ̀ wà àti kí ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ní kẹ́ ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún òun, ẹ má gbowó.