Ọkọ̀ Tuntun, Kò Sí Dẹ́rẹ́bà

Gbogbo ìgbà tí OS tuntun bá ti jáde ni wọ́n máa ń kọ orin kan náà sí wa létí: "Ẹ ní sùúrù, driver ló fà á." Graphics card tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kámikàmìkámi, géèmù á dì, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú dùdù. Àwa tí à ń fi software jẹun ò gbà. Driver kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ láti ọ̀run. Èèyàn ló ń kọ ọ́, èèyàn ló ń mú ọjọ́ tí ọjà máa jáde, èèyàn náà ló sì ń pinnu ẹni tí ìyà rẹ̀ máa jẹ.

Ẹni tí kò bá mọ̀, driver ni software tó dúró láàárín OS àti graphics card bí ògbufọ̀. Bí OS bá yí ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ padà, ògbufọ̀ àtijọ́ ò wúlò mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kọ tuntun. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá sì ni. Ta ló máa san án? Ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ẹ jẹ́ ká mú Windows Vista, torí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ dé kóòtù, gbogbo ayé sì rí ìdí rẹ̀. Microsoft gbé Vista jáde fún gbogbo èèyàn ní 30 January 2007, wọ́n sì yí ètò driver graphics padà sí èyí tí wọ́n pè ní WDDM. A ò ní purọ́, èrò náà dára: bí driver bá dákú, OS lè jí i dìde láìpa gbogbo kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé Nvidia, Intel, àti AMD tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ATI, gbọ́dọ̀ kọ driver tuntun. Ọjọ́ pé, driver ò tíì jinná, wọ́n gbé ọjà síta bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ímeèlì Microsoft fúnra wọn bọ́ síta ní kóòtù Seattle ní 2008, a rí i pé nínú àwọn ìdákú Vista tí wọ́n kà sílẹ̀ ní sáà kan ní 2007, driver Nvidia nìkan kó nǹkan bí ìdá 29 nínú 100.

Àwọn kan á ní ṣebí káàdì Nvidia ló pọ̀ lọ́wọ́ aráàlú. Ó dáa, ẹ gbàgbé Nvidia. Ọ̀rọ̀ sítíkà ńkọ́? Ní 2006, wọ́n ń lẹ "Windows Vista Capable" mọ́ kọ̀ǹpútà kí Vista tó jáde. Graphics Intel 915 ò lè lo WDDM rárá, kò sì lè gbé ojú Aero tí wọ́n fi ń polówó Vista. Síbẹ̀ ó gba sítíkà. Ọ̀gá kan ní Microsoft kọ ọ́ sínú ímeèlì pé àwọn rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀ kí èrè Intel lè pé. Mike Nash, ọ̀gá ńlá níbẹ̀, ra láptọ́ọ̀pù onísítíkà. Ó ní ẹ̀rọ ímeèlì olówó 2,100 dọ́là ló dà. Bó bá lè ṣe ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ìwọ ńkọ́? Ní 2009, adájọ́ ní àwọn tó ra ọjà ò lè pẹjọ́ pọ̀ bí ẹgbẹ́ kan mọ́. Ó parí, kálukú gbé ẹrù ẹ̀.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Windows 11 ní òun fẹ́ graphics DirectX 12 àti driver WDDM 2.0, yàtọ̀ sí TPM àti processor tuntun. Windows 10 sì dé òpin àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ ní 14 October 2025. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n bá tìtorí èyí jù nù lókè òkun, Computer Village ní Ìkejà ló máa ń bọ̀ wá, tòkunbọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ code. Tí ilé iṣẹ́ bá ní "a ò ṣe driver fún káàdì yìí mọ́," àwa tá a rà á kẹ́yìn la máa jẹ ẹ́.

Wọ́n á ní bí wọ́n bá dúró de gbogbo driver, OS tuntun ò ní jáde láé. Irọ́ ni jàre. Ohun mẹ́ta péré là ń bèèrè. Ẹ má lẹ sítíkà mọ́ ohun tẹ́ ẹ ò tíì dán wò. Ẹ kọ ọjọ́ tí driver máa dópin sára páálí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára oògùn. Tí ọ̀rọ̀ káàdì bá sì sú yín, ẹ ṣí code rẹ̀ sílẹ̀ fáwọn tí kò sú. Ó ṣeé ṣe: lórí Linux, code tó ń lo káàdì Radeon ọdún 2002 ṣì wà nínú Mesa títí di òní, torí pé gbangba ló wà. Nvidia náà, tí Linus Torvalds bú ní gbangba ní Finland ní 2012, ṣí apá kan driver rẹ̀ sílẹ̀ ní May 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì 2018 sókè nìkan ló kàn.

A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápepe. Ìgbà míì tí wọ́n bá ní driver ló fà á, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ló ní kẹ́ ẹ tà á kí driver tó ṣetán?