Ẹni tí ń Gba Owó Ilé ni Kí ó Tún Ilé Ṣe

Àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀ pé bí ẹnìkan bá wá du oko mọ́ òun lọ́wọ́, onílẹ̀ ni yóò jáde wá jà. Ojú yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ènìyàn wa fi wo ọ̀ràn ilé mẹ̀kúnnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní ìlú Rochdale. Ọ̀rinrin ti mú kí ògiri ilé tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé bu. Láti ọdún 2017, kí a tó bí ọmọ náà, ni baba rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ náà tó onílé létí. Wọ́n ní kí ó fi ọ̀dà kùn ún. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó wádìí ikú rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ògiri bíbu náà ni ó pa á. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Wọ́n ṣe òfin ní ọdún 2023, apá tí a fi orúkọ ọmọ náà pè sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, 2025. Bí ewu bá jẹ́ ti kíákíá, onílé gbọ́dọ̀ mú un kúrò láàárín wákàtí 24. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rinrin tí ó lè ba ìlera jẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni ó ní láti fi wádìí, ọjọ́ iṣẹ́ 5 lẹ́yìn èyí láti mú ewu kúrò. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó fi owó ara rẹ̀ wá ibùgbé mìíràn fún ayálégbé.

Agbára òfin yìí ni pé ó ka ọjọ́. “A ó wá wò ó” kì í ṣe ìdáhùn mọ́. Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Àwa ní owó tí a fi ń tún ògiri ṣe kò lè wọ́n tó ẹ̀mí ọmọ.

Ní ọdún 1958 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá iléeṣẹ́ tí ó kọ́ Bódìjà ní Ìbàdàn sílẹ̀. A ń fi í yangàn títí di òní. Ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ nìkan kò tó. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèlérí ilé fún yín nígbà ìdìbò, ẹ bi í léèrè: bí òrùlé bá jò, ọjọ́ mélòó?