Kí Ẹ Tó Dìde Nídìí Kọ̀ǹpútà Ilé-ìkàwé



Láti ọdún 1852 ni ìlú wa Manchester yìí ti ní ilé-ìkàwé ọ̀fẹ́ fún tẹrú-tọmọ. Lónìí, ìwé nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí kọ̀ǹpútà, bàbá ń wá iṣẹ́, ìyá ń kọ fọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ayé jọ ń lò gba ìṣọ́ra. Nígbà tí ọ̀pọ̀ káàdì BRP parí ní 31 December 2024, eVisa orí íntánẹ́ẹ̀tì ló rọ́pò wọn. Bí ẹ bá wò ó nílé-ìkàwé, tí ẹ sì dìde láì tẹ “Sign out”, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn yín sílẹ̀ gbayawu fún ẹni tó kàn. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà tọ́jú pásíwọọ̀dù yín. Ẹ má sì gbàgbé ìwé yín sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi àdírẹ́sì tàbí orúkọ iléèwé yín han ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Bí ohun tí kò dáa bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ tètè pe àgbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó tì wọ́n.

Ó dìgbà kan ná o.