Ṣọ́ọ̀bù wọn dà? Lẹ́tà sí Mínísítà Ẹ̀kọ́ Gíga ní Abidjan

Ẹ̀yin Mínísítà tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ gíga àti ìwádìí ìjìnlẹ̀ ní Côte d'Ivoire,

Ọmọ Èjìgbò ni mí, Treichville ni mo ti ń tajà. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ bá kọ́ṣẹ́ tán, ọ̀gá rẹ̀ á ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un, a ó gbàdúrà, a ó jẹ, a ó mu. Bí àlejò bá ti lọ tán, ìyá ọmọ á béèrè pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dà? Ìbéèrè yẹn náà ni mo gbé wá bá yín, nítorí àwọn ọmọ tó fẹ́ di ẹnjiníà sátẹ́láìtì.

Ní April 2023, Abidjan yìí ni àwọn àgbà iṣẹ́ sátẹ́láìtì ti pé jọ sí fún àpérò NewSpace Africa. Ilé ẹ̀kọ́ gíga INP-HB ní Yamoussoukro náà ti dáwọ́ lé sátẹ́láìtì YAM-SAT-CI 01. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ẹ wo Nàìjíríà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 tó lọ sókè ní 2003. Àwọn ẹnjiníà wa lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní Guildford, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn to NigeriaSat-X, tó gbéra ní August 2011. Ní 2017, yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú yunifásítì kan ní Jàpáánù lórí NigeriaEduSat-1. Sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju páálí ṣúgà oníkílò kan tó wà lórí àtẹ mi lọ. Àmọ́ bátìrì, rédíò, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá ti to irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí ti kúrò ní ẹni tó kàn ka ìwé nípa rẹ̀.

Iṣẹ́ ò sì wọ́n níhìn-ín fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́ sátẹ́láìtì. Òjò June ń gbé ilé lọ ní Abidjan, òkun ń jẹ Port-Bouët, oko kòkó ń wọ inú igbó ìjọba. Àwọn ilé ìwádìí CURAT ní Cocody ti ń fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣèwádìí tipẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí a bá fi rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lókè òkun á di ti ẹlòmíì bí kò bá bá ibi iṣẹ́ nílẹ̀ nígbà tó bá dé. Mi ò sì ní dá ọmọ náà lẹ́bi.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: kí ọmọ kankan tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ ti ya yàrá iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ ní Abidjan, kí ẹ sì kọ iye ẹnjiníà tí ẹ máa gbà síbẹ̀ sínú ìwé ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, kí àwọn tó ń kàwé ní Yamoussoukro lè fojú ara wọn rí i.