Ọyẹ́ dé, ẹja kò jẹun

Láti oṣù Ọ̀pẹ wọ oṣù Ṣẹrẹ, ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ nílẹ̀ Yorùbá máa ń rò: ẹja kò jẹun. Oúnjẹ tí wọ́n fọ́n sómi láàárọ̀ á máa léfòó kiri títí á fi wú. Ẹni tó tà á fún wọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bínú sí. Bí ọ̀rọ̀ bá le sí i, ó lè kan aládùúgbò tó yà wo ẹja lánàá tí kò sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ti ọwọ́ bọ omi wò kò wọ́pọ̀.

Ènìyàn ń dáná sínú ara rẹ̀ ni. Òtútù ì báà mú, oòrùn ì báà ràn, nǹkan bíi dígírì 37 ni ara wa ń gbé. Àrọ̀ kò dáná kankan. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ṣe ń rí. Láàárín dígírì 28 sí 30 ni ara àrọ̀ ti máa ń yá jù. Bí ọyẹ́ bá fa omi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 22, oúnjẹ inú rẹ̀ á pẹ́ kó tó dà, ebi kò sì ní tètè pa á. Kódà ẹyin rẹ̀, tó lè pa láàárín ọjọ́ kan nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi tútù.

Nítorí náà, ẹja tó kọ oúnjẹ láàárọ̀ ọyẹ́ lè má ṣàìsàn rárá. Kí wọ́n dúró kí oòrùn yọ dáadáa, kí wọ́n sì dín oúnjẹ kù. Èyí tí wọ́n bá dà lé e lórí ni yóò jẹrà nísàlẹ̀ kòtò, tí yóò sọ òtútù lásán di ikú.

Ooru náà ní tirẹ̀. Lítà omi kan tó wà ní dígírì 20 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn. Bó bá gbóná dé 30, nǹkan bíi 7.5 ló kù. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí omi gbóná yìí gan-an ni ara ẹja ń béèrè afẹ́fẹ́ sí i. Epìyà kì í fi pamọ́: ní ìdájí, wọ́n á ti gbé ẹnu sójú omi, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àrọ̀ ní ọgbọ́n mìíràn. Ẹ̀yà ara kan tó pẹ̀ka bí igi kékeré wà nínú orí rẹ̀, òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, òun náà ló jẹ́ kó lè wà láàyè nínú ọpọ́n ọjà láti àárọ̀ dalẹ́. Agbára yìí ló ń tan àwọn tó ń sìn ín jẹ. Wọ́n rò pé ohun tí kò pa á kò dùn ún. Ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin kò sì tíì ní ẹ̀yà ara yẹn.

Kì í ṣe pé ẹja kò lè fara dà. Ní adágún Magadi ní Kenya, irú epìyà kékeré kan ń gbé inú ìsun omi tó gbóná ju dígírì 40 lọ. Lọ́dún 1942, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì F. E. J. Fry àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi ẹja goldfish hàn pé ibi tí ooru ti ń pa ẹja kò dúró lójú kan. Èyí tí omi gbígbóná ti mọ́ lára lè fara da ooru tí yóò pa ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti inú omi tútù wá. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ní láti yí padà kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ló sì ń gbà.

Ọjọ́, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á fa omi kòtò tán lọ́sàn-án gangan, wọ́n á wá tú omi táǹkì dúdú tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀ lé ẹja lórí. Kòtò tapólì tí omi rẹ̀ kò jìn tún burú jù, nítorí kíákíá ló ń gbóná, kíákíá ló ń tutù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀sìn ẹja lọ́jọ́ méjì a ṣírò èrè dé kọ́bọ̀, wọn kì í mẹ́nu ba tamómítà, tí owó rẹ̀ kò tó ti àpò oúnjẹ kan.

Ẹni tó bá ra ọmọ ẹja nínú ọ̀rá, kó gbé ọ̀rá náà lé omi bó ṣe wà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó wá máa bu omi kòtò sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá tú u dà sómi lẹ́ẹ̀kan náà, kó má pe ẹni tó tà á fún un lólè bí òkú ẹja bá léfòó lọ́jọ́ kejì.